Ohùn Tí Ó Gba Ìdálẹ̀ Padà Wálé: Ẹ̀kọ́ Lórí Àtúntẹ̀ Àwo Orin Orlando Julius

 

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn jáde ní Kabba, tí ó la ilẹ̀ Ìjùmú kọjá títí dé Ìyámoyè, yóò bọ́ sí Òmùò ní ilẹ̀ Èkìtì, kò sì ní pẹ́ kí ó tó wọ Ìkọ̀lé. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ nínú yín gbà lọ sí Adó tàbí sí Ìbàdàn nígbà tí ẹ jáde níhìn-ín. Ní Ìkọ̀lé yẹn ni wọ́n ti bí Orlando Julius Ekemode ní ọdún 1943. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí ó fọn fèrè sàksófóònù ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Amẹ́ríkà àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní ìrìn wákàtí díẹ̀ sí ìlú tí wọ́n bí i sí ni kò mọ orúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ará ìtòsí wa nìkan ni mo fi yàn án. Ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ ní ọdún tí ó kọjá, òbí kan dìde, ó ní òun gbọ́ pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fẹ́ ra sàksófóònù méjì fún ilé ìwé. Ó wá béèrè pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ṣé nídìí fèrè ni ọmọ mi yóò ti jẹun?" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni bàbá mi sọ fún mi nígbà tí mo fẹ́ kọ́ orin, mo sì di olùkọ́ orin kí n tó rí ìdáhùn fún un. Nígbà tí olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan lórí orin fún àyájọ́ yìí, ìbéèrè òbí náà ni ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, àwo orin Orlando Julius ni ó sì tẹ̀ lé e.

Ìlù ni ọmọ náà kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lù. Ìyá rẹ̀ a máa kọrin, a máa jó, òun a sì máa lùlù sí i. Ní ilé ìwé ìjọ Áńgílíkà tí ó lọ ní Ìkọ̀lé, ó wọ ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè. Ní ọdún 1957, lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó kọrí sí Ìbàdàn. Kí ó má baà fi ebi sùn, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì; bí iṣẹ́ bá sì ti parí, a lọ bá àwọn olórin jùjú àti kóńkómà, a bá wọn lùlù, a bá wọn fọn fèrè. Ẹ jẹ́ kí òbí tí ó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn fi ilé búrẹ́dì náà sọ́kàn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó gbé iṣẹ́ orin ró fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ó dé ọ̀dọ̀ Eddy Okonta, ọ̀gá àwọn afọntíróńpẹ́ẹ̀tì, ní ayé ìgbà tí orin highlife jọba ní gbogbo ilé ijó. Nígbà tí ó tó àkókò, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Modern Aces, wọ́n sì ń ṣeré ní Hòtẹ́ẹ̀lì Independence ní Ìbàdàn.

Àwo tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni Super Afro Soul, tí ilé iṣẹ́ Philips gbé jáde ní ọdún 1966. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà mọ irú ọdún tí 1966 jẹ́. Iná "wẹtíẹ̀" ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kú lọ ní Ìwọ̀-oòrùn ni. Ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ ológun ní oṣù kìíní, ó sì tún yí padà ní oṣù keje. Kí ọdún méjì tó pé, ọ̀pọ̀ àwọn olórin highlife tí wọ́n wá láti Ìlà-oòrùn ti kúrò ní Èkó, ẹgbẹ́ wọn sì ti tú ká. Nígbà tí mo bá ń gbọ́ àwo yìí, tí mo gbọ́ bí àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn ti ń ṣeré pẹ̀lú ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣòro fún mi láti gbà pé inú ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ti gbé e jáde.

N kò ní fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹ̀yin òbí. Orin ilé ijó ni èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orin tí ó mú orúkọ rẹ̀ hàn, Jagua Nana, gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìwé ìtàn Cyprian Ekwensi ti ọdún 1961, tí ó sọ nípa obìnrin olófàájì kan ní Èkó. N kò ní kọ́ àwọn ọmọ ní irú orin bẹ́ẹ̀ fún ìsìn òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú àwo náà tí mo fi ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn ni ohùn fèrè.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ fèrè náà wò. Adolphe Sax, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó ṣe é. Ó gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní ọdún 1846. Idẹ ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá tíróńpẹ́ẹ̀tì. Ní ẹnu rẹ̀ ni wọ́n máa ń so ègé pẹlẹbẹ kan mọ́, tí wọ́n gé lára koríko líle tí ó jọ ọparun. Ègé yìí ni èémí ń mì, òun ni ó sì ń dá ohùn sílẹ̀. Idẹ kàn ń gbé ohùn náà jáde ni. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi kà á mọ́ fèrè onígi. Ìdílé ni sàksófóònù, gẹ́gẹ́ bí ohùn ti jẹ́ ìdílé nínú ẹgbẹ́ akọrin: sòpúránò, áltò, tẹ́nọ̀, bárítónì. Orlando Julius ń fọn áltò, ó sì ń fọn tẹ́nọ̀. Tẹ́nọ̀ ni ó sún mọ́ ohùn ọkùnrin jù lọ. Ó tóbi, ó máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ń fọn ọ́n, bí ó bá sì sọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀, àyà ni ènìyàn fi ń gbọ́ ọ.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Dùùrù kò lè fa ohùn. Bí o bá tẹ dò, dò ni. Bí o bá tẹ mí, mí ni. Kò sí ohun tí o lè tẹ̀ láàárín wọn tí yóò fi yọ́ láti ọ̀kan dé èkejì. Sàksófóònù lè yọ́. Ètè afọnfèrè lè mú ohùn láti ìsàlẹ̀, kí ó fà á gòkè díẹ̀díẹ̀ láìjá, gẹ́gẹ́ bí onígángan ti ń fún awọ mọ́ra lábẹ́ apá. Èdè wa sì nìyẹn. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kíláàsì kìíní rántí pé mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó: ọkọ ìyàwó, rè rè, ọkọ́ àgbẹ̀, rè mí, ọkọ̀ ojú pópó, rè dò, ọ̀kọ̀ ogun, dò dò. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, lẹ́tà kan náà. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun èlò tí kò lè fa ohùn kò lè sọ Yorùbá dáadáa. Èrò tèmi ni pé ìdí kan nìyí tí sàksófóònù fi tètè di ọmọ ilé láàárín wa, tí dùùrù sì pẹ́ nínú ilé ìsìn àti ní ilé àwọn ọlọ́lá. Ẹni tí ó ti lùlù fún ìyá rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan fèrè kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí.

Nínú àwo yìí, ẹ fetí sí orin tí ó pè ní Ijo Soul. Àwọn onífèrè á ju gbólóhùn kúkúrú sílẹ̀, ohùn olórin á dáhùn. Gẹ́gẹ́ bí elégbè ti ń gbe orin ní oko, ní ibi ìsìnkú àti ní ilé ìjọsìn wa. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ My Girl. Orin ẹgbẹ́ Temptations ti Detroit ni, tí ó gbalé gbòde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1965. Ó yá a ní gbangba, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn onílé sọ ọ́, ó sì mú un rìn bí àwọn ará Ìbàdàn ti ń rìn.

Àwọn mìíràn ti rin ọ̀nà náà ṣáájú rẹ̀. Bobby Benson ti fọn tẹ́nọ̀ ní Èkó, Chris Ajilo náà ti fọn ọ́n, Roy Chicago, ọmọ Ìkàrẹ́ tí ó wà lẹ́bàá wa níhìn-ín, sì ti mú gángan wọ inú highlife kí ó lè bá fèrè sọ̀rọ̀. Ní òdìkejì òkun pẹ̀lú, àwọn afọntẹ́nọ̀ jáàsì ti ń wo ọ̀nà ilé wa. Ní ọdún 1954, Sonny Rollins gba orin kan sílẹ̀ pẹ̀lú Miles Davis, ó pè é ní Airegin. Ẹ ka orúkọ náà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó láìsọ ohunkóhun. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ rí i máa ń pariwo. Ní oṣù kẹrin ọdún 1967, John Coltrane, tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀gá gbogbo wọn, ṣeré ní ilé àṣà tí Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, dá sílẹ̀ ní Harlem. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí Coltrane fi kú.

Mo gbọdọ̀ dúró díẹ̀ lórí ìtàn kan tí àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti máa sọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ Ijo Soul yóò sọ lójú kan náà pé ó jọ I Got You ti James Brown. Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé James Brown wá sí Nàìjíríà, ó gbọ́ orin náà, ó sì jí i lọ. Mo gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, inú mi sì dùn sí i, títí mo fi jókòó tí mo ka ọdún. Oṣù kẹwàá ọdún 1965 ni I Got You jáde. Ọdún 1966 ni Super Afro Soul jáde. Ọdún 1970 ni James Brown tó wá ṣeré ní Nàìjíríà. Ìṣirò náà kò gba ìtàn náà láyè. Bí yíyá bá wà, ọmọ Ìkọ̀lé ni ó yá a. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ ní kíláàsì, ojú wọn sì rẹ̀wẹ̀sì. Ọ̀kan tilẹ̀ sọ pé mo ń gbè sẹ́yìn Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí a fi ní láti fi irọ́ ṣe àpótí tí ọmọ wa yóò dúró lé kí ó tó ga. Ó ti ga. Ọ̀rọ̀ náà "Afro" ti wà lójú àwo rẹ̀ ní 1966. Nǹkan bí ọdún 1968 ni Fela bẹ̀rẹ̀ sí í pe orin tirẹ̀ ní Afrobeat.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ àtúntẹ̀ ti wọlé. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ẹgbẹ́ olórin a wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, wọn a dúró yí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ká, wọn a sì ṣe orin náà papọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹnì kan bá ṣìṣe, gbogbo wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Orí tápù ni ohùn náà máa ń wà. Láti ara tápù ni wọ́n ti ń gé àwo: àwo kékeré tí ojú rẹ̀ kan kì í ju ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, àti àwo ńlá tí ojú kan rẹ̀ gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí àwo bá tà tán tí kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè rẹ̀ mọ́, tápù á wọ inú yàrá ẹrù. Ẹ mọ ohun tí ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń fi ojú nǹkan rí. Ẹ̀rọ kò lè ka tápù tí ó ti bu. Àwọn mìíràn ni wọ́n sì ti fi gba orin tuntun sílẹ̀ lórí ti àtijọ́, nítorí pé owó ni wọ́n fi ń ra tápù.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tún àwo àtijọ́ tẹ̀ ní láti wá tápù àkọ́kọ́ kàn. Bí kò bá rí i, yóò wá àwo kan tí abẹ́rẹ́ kò tíì ha jù, yóò fọ̀ ọ́, yóò gbé e sórí ẹ̀rọ dáadáa, yóò sì fi kọ̀ǹpútà yọ ariwo tí ó wà lára rẹ̀ láìyọ ẹran ara orin náà. Iṣẹ́ sùúrù ni. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ẹni tí ó ni orin náà lọ, kí ó gba àṣẹ, kí ó sì san ẹ̀tọ́. Ilé iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó tún Super Afro Soul tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wọn, ilé iṣẹ́ Vampisoul ní Sípéènì kó àwọn orin rẹ̀ ti ọdún 1969 sí 1972 jọ sínú àkójọ kan, wọ́n pè é ní Orlando's Afro Ideas. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó sì dùn mí. Orin tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn, tí ará Èkìtì kọ ní èdè tí a ń sọ nílé, ọwọ́ Lọ́ńdọ̀nù àti Sípéènì ni mo ti rí i rà.

Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo yẹ kí n bínú sí ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ tápù, ó sì tó àkókò kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ akọrin ilé ìwé kan tí mo wà nínú rẹ̀ lọ díje, a sì gba ipò kìíní. Olùkọ́ orin wa fi kásẹ́ẹ̀tì gba orin náà sílẹ̀. Ọmọ kan wà láàárín wa tí ó ń dá kọ ohùn tẹ́nọ̀. N kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ ilé ìwé láti ìgbà náà. Èmi ni wọ́n fún ní kásẹ́ẹ̀tì náà láti tọ́jú, nítorí pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ọdún 1980, Green Eagles gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá ife Áfíríkà pẹ̀lú Àlùjíríà ní Èkó. Mo fẹ́ gba ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀ láti orí rédíò. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo nílé. Ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. A na wọ́n ní ayò mẹ́ta sí òdo, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, mo sì pariwo títí ohùn mi fi há. N kò rántí pé mo tún gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ọmọ olóhùn dídùn náà kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá rẹ̀ wá sí ilé wa. Màmá náà kò sunkún. Ó kàn sọ pé, "Ọmọ mi, wọ́n ní ọwọ́ rẹ ni ohùn rẹ̀ wà. Jọ̀wọ́, jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Ó dá mi dìde, ó ní kò burú, pé ọmọdé ni mo jẹ́ nígbà náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí àtúntẹ̀ jẹ́, kí n tó gbọ́ orúkọ Strut rárá.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ gbígba ohùn sílẹ̀ jẹ́ ti àwọn olórin ilé ijó nìkan. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gba orin Yorùbá sílẹ̀ sínú àwo jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fela. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ ọ̀pọ̀ orin ìsìn sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Iṣẹ́ tí ó ṣe lórí ohùn èdè tóbi pẹ̀lú. Àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ohùn orin tẹ ohùn ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, tí a ó fi máa kọ ohun tí a kò ní lọ́kàn; òun sì ń ṣe orin tí ó bá ohùn ẹnu wa mu. Ní ọdún 1930 ni ó kú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti ń kọrin lè gbọ́ ọ lónìí. Mo bi yín: nínú gbogbo àwọn àgbà tí wọ́n dá orin ìsìn sílẹ̀ ní Owé, ní Ìjùmú, ní Bùnú, ní Yàgbà, ohùn àwọn mélòó ni a lè gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ òbí tí ó béèrè nípa oúnjẹ. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún un. Ọ̀nà fèrè kò tẹ́jú. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Orlando Julius lọ sí Amẹ́ríkà, ó bá Hugh Masekela, olórin South Africa, ṣeré, ó sì bá Lamont Dozier, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ orin fún ilé iṣẹ́ Motown, ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ó padà wálé. Àtúntẹ̀ ọdún 2000 ni ó jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì bí ní 1966 mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní The Heliocentrics, wọ́n sì gbé àwo Jaiyede Afro jáde ní ọdún 2014. Ẹ gbọ́ àwo méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó ń kánjú, ó fẹ́ fi gbogbo ohun tí ó mọ̀ hàn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nínú ti ìkẹyìn, àgbàlagbà ni, kò kánjú mọ́. Ó máa ń dákẹ́ láàárín gbólóhùn, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ń sọ̀rọ̀. Èmi fẹ́ràn ti ìkẹyìn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé ń pariwo.

Nítorí náà, màá sọ fún òbí náà pé: bóyá ọmọ yín yóò jẹun nídìí fèrè, bóyá kò ní jẹun níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́ búrẹ́dì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó fọn ọ́n, bí ó bá sì ń fọn ọ́n, ẹ gbà á sílẹ̀. Fóònù tí ó wà lápò yín lè ṣe ohun tí olùkọ́ wa fi ẹ̀rọ ńlá ṣe ní 1979. Ẹ sọ ọjọ́ náà, ẹ sọ orúkọ orin náà àti ti àwọn tí ń ṣe é, kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ó wà lójú fóònù kan ṣoṣo, nítorí fóònù máa ń sọnù.

Láti oṣù mélòó kan ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ jọ ní ilé ìwé wa. Mẹ́rìndínlógún ni ó ti dé ọwọ́ wa. Ẹ̀gbin ti bo méjì. A ń fi òwú nù wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan ti já. Ẹnì kan tí ó ń tún rédíò ṣe ní ọjà fi ìlẹ̀mọ́ so ó pọ̀, ó sì ń kọrin báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì nínú àpótí nílé, ní Kaduna, ní Àbújá, ní Èkó, tàbí ní ẹ̀yìn odi, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ láti dán an wò bí ó bá ti pẹ́. Ẹ gbé e wá bí ó ṣe wà. A ó dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà, a ó sì dá a padà fún yín.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà náà fi kásẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí mi láìkọ nǹkan kan sí i lára. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé e sínú ẹ̀rọ. Òjò ń rọ̀ sórí páànù nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, olùkọ́ kan ń fi igi rúlà gbá tábìlì, àwọn ọmọ sì gbé orin ìsìn kan sókè ní ohùn mẹ́rin. Ẹnì kan ń dá kọ tẹ́nọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti rí i dájú. Kì í ṣe òun.